Kí fóònù tó wọ ọjà: Ohun tí NCC máa ń yẹ̀ wò

Ẹni tó ń gbé létí omi ní Ìlàjẹ mọ̀ pé fóònù kì í ṣe nǹkan afẹ́ lásán. Bí ẹ́ńjìnì bá kú mọ́ awakọ̀ ojú omi lọ́wọ́ láàárín Igbokoda àti Ayétòrò, fóònù ló máa fi pe èèyàn. Ó yẹ kí oníbàárà mọ̀ bóyá èyí tó fẹ́ rà gbàṣẹ.

NCC, àjọ tó ń mójútó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ló ń fúnni ní àṣẹ náà. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 ló gbé agbára náà lé e lọ́wọ́. Fóònù nìkan kọ́ o: ẹ̀rọ Wi-Fi, wọ́kì-tọ́kì àti bọ́ọ́sítà tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀.

Wọn kì í yẹ fóònù wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é tàbí aṣojú rẹ̀ ló máa béèrè fún àṣẹ kó tó kó ọjà wọlé. Yóò mú èsì àyẹ̀wò wá. Ṣé kò ní dí ẹ̀rọ mìíràn lọ́wọ́? Ṣé kò ní ṣe ẹni tó ń lò ó ní jàǹbá? Ṣé ó bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa mu?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kì í ṣe kékeré. 900 àti 1800 MHz ni GSM ń lò níbí. 850 àti 1900 ni Amẹ́ríkà. Fóònù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan lè dára lọ́hùn-ún, kó má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fà níbí. Ìdí nìyẹn tí àṣẹ òkè òkun kò fi lè rọ́pò ti NCC.

Bọ́ọ́sítà ńkọ́? Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ti dáa, àwọn kan a rà á, wọn a so ó mọ́ òrùlé. Èyí tí kò gbàṣẹ lè máa pariwo lórí ìgbì tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń gbọ́ ohùn fóònù. Ẹni tó so ó á máa gbádùn, àdúgbò á máa pè, kò ní wọlé.

Kí lẹ lè ṣe? Ẹ wo mọ́dẹ́ẹ̀lì tó wà lára páálí, kí ẹ wá a nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ti gbàṣẹ lórí ìkànnì NCC. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ tẹ *#06#. Bí nọ́ńbà IMEI tó jáde kò bá bá tara páálí mu, ẹ má san owó. Ẹ gba rìsíìtì. Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn, 622 ni nọ́ńbà NCC, ọ̀fẹ́ sì ni.