Èéfín Ilé Ìdáná: Àyípadà Tí Ó Kù fún Wa

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo fẹ́ fi kún un pé ilé náà ni a ń wò kí a tó mọ bí ayé ti ń yí. Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ìyá ọmọ, bí ẹ bá bi àgbàlagbà léèrè ohun tí ó yí padà jù lọ láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹ lè rò pé ọba tàbí ogun ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀.

Ní abúlé Radwinter ní àgbègbè Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlùfáà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Harrison. Ó kọ ìwé kan nípa bí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé ayé, ọdún 1577 ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ ìwé náà jáde. Ìgbà náà bọ́ sí àkókò tí àwọn òpìtàn ń pè ní Renaissance, tí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọnà àti òwò gbèrú ní Yúróòpù. Harrison ròyìn pé àwọn arúgbó abúlé òun ka ohun mẹ́ta tí ó yí padà lójú ayé wọn. Èkíní ni ọ̀nà èéfín tí àwọn ènìyàn ń mọ sára ilé. Èkejì ni ibùsùn tí ó dẹrùn. Ẹ̀kẹta ni àwo àti ṣíbí tí kì í ṣe igi mọ́.

Kí ìgbà náà tó dé, àárín ilẹ̀ ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń dáná. Èéfín a máa rìn káàkiri inú ilé kí ó tó rí ọ̀nà gba òrùlé jáde. Orí koríko gbígbẹ ni wọ́n ń sùn, ìtì igi ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé orí lé. Obìnrin tí ó bá wà lórí ìkúnlẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà pé ìrọ̀rí tọ́ sí. Ẹ ò rí i pé ìyà tí ó jẹ àwọn ìyá tiwa kò ṣàjèjì sí tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé wàyí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun Tápà láti Bida kó ilẹ̀ Àkókó lógun léraléra, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ará Àkókó ṣe fi orí òkè àpáta ṣe ibi ààbò. Nígbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bida ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí mo lọ kí ìyá bàbá mi ní Etioro, inú ilé ìdáná ni mo bá wọn. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà: “Màmá, nínú ilé wa, kí ni ẹ rí tí ó yí padà jù lọ?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí, o tún ti gbé ìwé rẹ dé. Ó dára, kà á. Èkíní ni pé a sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi àgbà sọ fún wa pé nígbà tí wọ́n wà lórí òkè, obìnrin tí ó bá lọ pọn omi ní ìsàlẹ̀ ní láti ru ìkòkò gun àpáta padà. Èkejì ni ibùsùn. Orí ẹní ni mo tẹ́ bàbá rẹ sí, kíjìpá ni mo sì fi pọ̀n ọ́n. Ìyá mi ló hun ún lórí òfì tí wọ́n gbé nàró sí ara ògiri. Owó kòkó ni bàbá àgbà rẹ fi ra bẹ́ẹ̀dì onírin àkọ́kọ́ wọ ilé yìí. Ẹ̀kẹta ni igbá àti àwo amọ̀. Abọ́ tánńganran lé wọn lọ, rọ́bà sì dé, ó lé tánńganran.”

Mo fi ọkàn ṣírò. Ibùsùn àti àwo bá ti àwọn arúgbó Radwinter mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n Màmá kò dárúkọ èéfín, bẹ́ẹ̀ ni ògiri tí wọ́n fẹ̀yìn tì dúdú bí ìdí ìkòkò, omi sì ń dà lójú àwa méjèèjì. “Màmá, èéfín ńkọ́?”

“Èéfín kẹ̀? Òun ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ àgbàdo tí ó wà lórí àjà, òun ni kì í jẹ́ kí ikán jẹ igi òrùlé.”

Òótọ́ ni Màmá sọ. Harrison pẹ̀lú kọ ọ́ pé àwọn ará ìgbà àtijọ́ gbà pé èéfín ń mú igi ilé le, àti pé ó ń dáàbò bo baálé àti ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ àìsàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ń lé kòkòrò kúrò lára àgbàdo kì í ṣàánú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé fa ikú ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn lé ní 237,000. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ó ń gbà pa wọ́n ni àrùn òtútù àyà. Ìyá tí ń dáná àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó sì ń fa èéfín náà jù.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé ni owó gáàsì rọrùn fún. Síbẹ̀, àwọn ohun kan wà tí ọwọ́ wa ká:

Ẹ má ṣe pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí iná tí ń rú èéfín. Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn níta.

Igi gbígbẹ tí a là wẹ́wẹ́ ni kí ẹ máa dá. Igi tútù a máa rú èéfín ju bí ó ti ń jó lọ.

Ẹ jẹ́ kí ilé ìdáná ní fèrèsé méjì tí ó kọjú sí ara wọn. Bí agbára bá tó, kí bíríkìlà mọ àrò sí ara ògiri, kí ó sì mọ ihò èéfín tí yóò yọ sókè ju òrùlé lọ.

Ẹ máa rẹ ẹ̀wà sómi kí ẹ tó sè é, kí ẹ sì máa dé ìkòkò. Iná tí a kò dá pẹ́ kò ní rú èéfín púpọ̀.

Nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe gbé ìkòkò ẹ̀yinná sínú yàrá tí ẹ óò sùn. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó sì lè pa ará ilé lójú oorun.

N kò sọ pé kí a da gbogbo ohun àtijọ́ nù. Omi inú àmù ṣì ń tutù láìsí iná mànàmáná, kíjìpá sì ṣì ń gbé ọmọ dúró ṣinṣin. Ohun tí ó dára ni kí a mú, kí a fi èyí tí ń pa wá sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a pe bíríkìlà, ó sì dá fèrèsé kejì sí ilé ìdáná Màmá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo bí èéfín ti ń gba ibẹ̀ jáde, wọn kò sì fi ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí, wọ́n ní bí kòkòrò bá jẹ àgbàdo àwọn lọ́dún yìí, èmi ni n óò san án.