Bírékà iná NẸ́PÀ kò ṣeé gbójú lé lẹ́nu bátìrì sólà

Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí owó jálá epo sì fò sókè ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa jẹnẹrétọ̀ tì, tí wọ́n ń yíjú sí iná tí wọ́n ń fà lára oòrùn. Ní Ọlọ́runṣògo àti láwọn abúlé oko tó yí Ìbàdàn ká, láti Akínyẹlé dé Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, sólà kì í ṣe nǹkan àjèjì mọ́. Ẹni tó ń sin adìyẹ ń fi í tanná, ẹni tó ń ta ohun mímu ń fi í mú fíríìjì ṣiṣẹ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn kì í béèrè: kí ni yóò já iná náà lọ́jọ́ tí wáyà méjì bá fẹnu kora? Owó pánẹ́ẹ̀lì, ti bátìrì àti ti ẹ̀rọ inverter ni wọ́n máa ń ná dáadáa. Tó bá kan fúúsì, wọn a ní kí oníṣẹ́ iná fi èyí tó bá wà lọ́wọ́ ṣe é.

Ibi tí ewu wà gan-an ni bátìrì. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bátìrì olóòtì 12, tàbí fóòtì 12 bí àwọn mìíràn ṣe ń pè é, kò lè gbé èèyàn. Òótọ́ ni, kì í sábà gbé èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè jó ilé. Bí irin bá ṣèèṣì so ẹnu méjèèjì bátìrì ńlá inverter pọ̀, iná tí yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà lè ju ẹgbẹ̀rún kan áńpù lọ. Wáyà kékeré yóò pọ́n bí ẹ̀yín iná láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí fúúsì wà lára wáyà tó ti ẹnu bátìrì jáde, kó má jìnnà sí bátìrì ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fúúsì kò ní olùṣọ́ kankan.

Wáyà náà ni fúúsì ń ṣọ́, kì í ṣe tẹlifíṣàn. Nítorí náà, ìwọ̀n wáyà ni a fi ń yan fúúsì. Ẹ jẹ́ ká mú inverter oníwáàtì 1000 tó ń lo bátìrì fóòtì 12. Bí a bá fi 12 pín 1000, yóò fún wa ní áńpù 83. Inverter fúnra rẹ̀ a máa fi iná díẹ̀ ṣòfò, bátìrì náà a sì máa rẹ̀ bó bá di òru, nítorí náà ẹ kà á sí 100. Fúúsì 125 ló yẹ ẹ́, wáyà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè gbé ju 125 lọ láìgbóná. Ẹni tó bá fi fúúsì 200 sórí wáyà tí agbára rẹ̀ kò ju 60 lọ kò tíì ṣe nǹkan kan, wáyà ni yóò kọ́kọ́ jó.

Ọ̀rọ̀ bírékà ló tún kù. Iná NẸ́PÀ ń lọ, ó ń bọ̀, àádọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fi jẹ́ pé ìgbà ọgọ́rùn-ún ló ń dé orí òdo. Bí bírékà bá já, orí òdo yẹn ni iná tó ń fò láàárín irin méjèèjì ti ń kú. Iná bátìrì àti ti pánẹ́ẹ̀lì kì í sinmi. Bí bírékà ilé bá já lórí rẹ̀, iná náà lè máa jó lọ nínú rẹ̀ bíi ti wẹ́dà tó ń jó irin, títí bírékà yóò fi yọ́. Ẹ wo ara bírékà kí ẹ tó sanwó: kí wọ́n kọ DC sí i, kí fóòtì tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e sì ju ti pánẹ́ẹ̀lì yín lọ. Bí àmì ròkúrò àti àyọkúrò bá wà lára rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣẹ́ dà á rú, nítorí òmíràn kò lè pa iná bí wọ́n bá so ó sódì.

Pánẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n so ẹ̀gbẹ́ ara wọn kò nílò fúúsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, tí ọ̀kan sì bàjẹ́, méjì yòókù yóò ya iná lù ú. Ẹ wo ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì níbi tí wọ́n kọ Isc sí. Bó bá jẹ́ 10, ẹ fi 1.56 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò di 15.6, ẹ ra fúúsì 20, bí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì kò bá ti kéré sí i.

Bí fúúsì bá jó, ẹ má ṣe fi fọ́nrán wáyà rọ́pò rẹ̀, bó ti wù kí òru ṣú tó. Bí ẹ bá sì fẹ́ tú ẹ̀rọ náà fún àtúnṣe, inverter ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, lẹ́yìn náà bírékà pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ tó yọ bátìrì. Ẹ má fa wáyà pánẹ́ẹ̀lì yọ lọ́sàn-án gangan nígbà tí iná ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá.