Ta ló lè ní kí báńgà má dún ládùúgbò yín?

Bí ọjọ́ 5, oṣù Kọkànlá bá ti ń sún mọ́lé, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Edinburgh máa ń tún yàrá rẹ̀ tò. Á fa bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á gbé rédíò sórí àga, á sì kìlọ̀ fún gbogbo wa pé kí a má wulẹ̀ pe òun lórí fóònù lẹ́yìn aago 6 ìrọ̀lẹ́. Kò ní gbọ́, torí pé rédíò á ti lọ sókè pátápátá.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣebí báńgà lásán ni! Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi á dúró síta nínú òtútù, a ó máa wo iná aláràbarà bó ṣe ń fọ́n ká lójú ọ̀run, a ó sì máa pariwo. Lójú tiwa, ojo ni Àǹtí.

Ọdún tí mo wọ yunifásítì ló tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ìsọlọ̀ ní Èkó ló ń gbé ní ọjọ́ 27, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2002, nígbà tí àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Àwọn èèyàn ń sá láì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ ló já sínú kánáàlì Òkè-Àfá nínú òkùnkùn, tí wọ́n sì kú sómi. Àwọn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ lé ní 1,000. Àǹtí mi là á já, ṣùgbọ́n ìró náà ò kúrò létí rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ìdí nìyí tí mo fi tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ Edinburgh kéde lọ́dún 2024 pé àdúgbò mẹ́rin wà tí aráàlú ò gbọdọ̀ ti yin báńgà láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá. Edinburgh ló kọ́kọ́ lo irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Scotland.

Kí ni òfin náà sọ?

Lọ́dún 2022 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Scotland ṣe òfin tuntun lórí báńgà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni òfin náà ti fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára láti ya àdúgbò kan sọ́tọ̀, kí ó sì sọ iye ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yin báńgà níbẹ̀.

Bí o bá wà nínú àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yìí, o ò lè sọ pé ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ ni o ti ń yìn ín. Òfin dé ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú. Bí o bá sì dúró sódì kejì títì, tí o wá ju báńgà tó ti gbiná wọnú àdúgbò náà, ẹ̀ṣẹ̀ ṣì ni. Ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi lè san owó ìtanràn tó tó £5,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n òfin náà ò sọ pé kí iná aláràbarà parẹ́ lójú ọ̀run. Àwọn tó fi í ṣe iṣẹ́, tí wọ́n mọ̀ ọ́n yìn, ṣì lè yìn ín níbi ayẹyẹ tí gbogbo ìlú ti máa wá wò ó. Kò sì de títà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kí aráàlú má yìn ín láàárín ilé ni wọ́n ń wí.

Ní ìyókù Scotland, láti ọdún 2021, aago 6 ìrọ̀lẹ́ sí aago 11 alẹ́ ni òfin fàyè gbà. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kọkànlá, ó di aago 12 òru. Ní alẹ́ tí ọdún tuntun fẹ́ wọlé, àti ní ọdún Diwali àti ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, ó di aago 1 òru.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àdúgbò mẹ́rin yìí?

Àdúgbò mẹ́rin náà ni Balerno, Niddrie, Seafield àti Calton Hill. Bí o bá mọ Edinburgh, wàá mọ̀ pé wọn ò jọra rárá.

Abúlé ni Balerno, ní etí ìlú, nísàlẹ̀ àwọn òkè Pentland. Oko ló yí i ká, àgùntàn àti ẹṣin sì wà níbẹ̀. Báńgà kan ṣoṣo lè mú kí ẹṣin já okùn, kó sì sá gba inú wáyà lọ. Ní Seafield, létí òkun, ibẹ̀ ni ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá àti ológbò tí kò ní olówó wà. Ẹ fojú inú wo alẹ́ báńgà nínú ilé tí ó kún fún ajá tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Niddrie yàtọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, àwọn ọ̀dọ́ kan ju báńgà àti ìgò oníná lu ọlọ́pàá níbẹ̀. Ohun ìṣeré ti di ohun ìjà nìyẹn. Calton Hill ní tirẹ̀ jẹ́ òkè kan láàárín ìgboro, tí èrò máa ń gùn láti wo ìlú.

Ohun tí mo rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Òfin tí wọ́n ṣe fún orílẹ̀-èdè lódindi ò lè mọ̀ pé ẹṣin ló wà níbí, ajá ló wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló mọ̀. Ìdí nìyí tí òfin fi pàṣẹ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ará àdúgbò kó tó ya ibẹ̀ sọ́tọ̀.

Ẹ fi wé tilé. Ní Nàìjíríà, bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, ọlọ́pàá láwọn ìpínlẹ̀ máa ń kéde pé àwọn ti fòfin de báńgà àti nọ́káòtù. Orí rédíò lèèyàn á ti gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó bi àdúgbò léèrè, báńgà náà a sì máa dún títí ọdún tuntun.

Ṣé ọ̀tá ìgbádùn ni òfin?

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní àlàyé tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ariwo náà á kàn sọdá sí òpópónà kejì ni. Wọ́n ní bàbá tó fẹ́ yin báńgà méjì péré fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni òfin máa mú, nígbà tí ẹni tó ń jù ú lu ọlọ́pàá ò bìkítà fún òfin kankan. Òótọ́ sì ni pé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 yẹn kan náà, rògbòdìyàn ṣì ṣẹlẹ̀ láwọn apá kan Edinburgh. Òfin nìkan ò lè ṣe é.

Àwa Yorùbá náà fẹ́ràn ariwo. Bí ọdẹ bá kú, ìbọn ni àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe é lẹ́yẹ. A ò lè sọ pé kí ayẹyẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọ̀nà míì sì wà láàárín ariwo àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́: lọ́dún 2015, ìlú kékeré kan ní Ítálì tó ń jẹ́ Collecchio pàṣẹ pé báńgà tí kò pariwo ni kí wọ́n máa lò. Iná wà, ẹwà wà, ariwo ló dín kù.

Kí ni ìwọ lè ṣe?

Bí o bá ń gbé ní Scotland, tí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ bá ń béèrè èrò aráàlú lórí báńgà, dá wọn lóhùn, yálà o fara mọ́ ọn tàbí o ò fara mọ́ ọn. Bí o bá wà ní England tàbí Wales, òfin gbogbogbòò ni pé kí ẹnikẹ́ni má yìn ín láàárín aago 11 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀, àyàfi láwọn ọjọ́ ọdún bíi mélòó kan.

Mo bi àǹtí mi pé, “Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀?” Àdúgbò tirẹ̀ ò sí lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé nítorí èmi nìkan ni kí ọmọ ọlọ́mọ má ṣeré?”

Mi ò rò pé òun nìkan ni. Irú wọn pọ̀ ládùúgbò yín: ẹni tó sá fógun wá síbí, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, ìyá ọmọ jòjòló. Wọn ò ní kọ̀wé. Àwa ọmọ wọn tí a mọ èdè ìjọba tí a sì mọ ọ̀nà ló yẹ kó bá wọn kọ ọ́.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, ọmọkùnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní àwọn fẹ́ yin báńgà díẹ̀ ní aago 7, àwọn á sì parí ní aago 7 ààbọ̀. Kò sí òfin tó rán an níṣẹ́. Àǹtí dúpẹ́, ó yí rédíò sókè, ó sì jókòó. Nígbà tó di aago 7 ààbọ̀, ó pa rédíò. Ó pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà.