Ẹ má da fáàfù rédíògíráàmù bàbá yín nù o!

Ẹ̀yin tí rédíògíráàmù àtijọ́ ṣì wà níkọ̀rọ̀ yàrá bàbá yín l'Óde-Ayé, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹ má tíì gbé e fáwọn tó ń ra irin àlòkù o. Fáàfù inú ẹ̀, ìyẹn àwọn gílóòbù kéékèèké tó máa ń tàn nígbà tí wọ́n bá ń lu àwo Comfort Omoge, ti dohun táwọn èèyàn ń wá kiri. Inú ámpìlífáyà tí wọ́n fi ń gbọ́ orin nínú hẹ́dífóònù ni wọ́n ń kì í bọ̀, wọ́n ní ohùn ẹ̀ máa ń rọ̀ létí ju ti tìràǹsísítọ̀ lọ.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. ECC83 àti ECC88 jọra bí ìbejì, ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni wọ́n ní, ihò kan náà ni wọ́n sì ń wọ̀. Àmọ́ ECC83 lè gba iná 300 fóltì, ECC88 kò gbọ́dọ̀ kọjá 130. Ẹni tó bá ṣèèṣì pààrọ̀ wọn, owó ẹ̀ ti jóná nìyẹn. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo ojú gíláàsì.

Bí ibi tó ń dán bíi fàdákà lórí ẹ̀ bá ti funfun, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, ó ti kú. Èyí tó bá ní àmì díámọ́ńdì nísàlẹ̀, láàárín àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀, àmì Telefunken ilẹ̀ Jámánì nìyẹn, owó gidi ni wọ́n ń rà á. Ẹ má tà á lọ́pọ̀.

Èyí tó wá burú jù ni pé, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ti pa jẹnẹrétọ̀, iná ṣì lè fara pamọ́ sínú ẹ̀rọ náà, ó sì lè pa èèyàn. Oníṣẹ́ rédíò tó mọṣẹ́ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣí i. Ẹni tó bá wà láyé ló ń gbọ́ orin.