Ẹnì kan jí màlúù, gbogbo abúlé san owó ìtanràn

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, àtẹni tó gbé e, àtẹni tó gbà á, àtẹni tó sùn jẹ́ẹ́jẹ́ sílé rẹ̀, gbogbo wọn ló lè fara gbá a.

Ní 1913 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin kan lórí jíjí ẹran ọ̀sìn àti irè oko. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò san ìlọ́po mẹ́wàá iye ohun tó jí. Níbo ni tálákà tó jí màlúù kan ti fẹ́ rí owó màlúù mẹ́wàá? Bí kò bá rí i san, gbèsè náà á bọ́ sọ́rùn àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Bí àpò mọ̀lẹ́bí bá gbẹ, ó di ti gbogbo ẹ̀yà.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Ní 1901 ni rélùwéè tó gbéra láti Mombasa dé etí adágún odò Victoria. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ olókè fún àwọn òyìnbó àgbẹ̀, wọ́n sì ń ti àwọn ẹ̀yà Nandi àti Kipsigis, tí wọ́n jẹ́ ìbátan ara wọn, sẹ́yìn ààlà. Ibi tí màlúù wọn ti ń jẹko tẹ́lẹ̀ di oko onílé tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá màlúù tí yóò fi fẹ́yàwó kàn ń wo agbo màlúù òyìnbó lódìkejì ni.

Síbẹ̀, kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ yìí ló kọ́kọ́ kó màlúù onímàlúù. Ní October 19, 1905, ọ̀gágun òyìnbó kan, Richard Meinertzhagen, pe Koitalel arap Samoei, olórí àwọn Nandi, sí ìpàdé àlàáfíà, ó sì yìnbọn pa á níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun wá da ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù àti ewúrẹ́ àwọn Nandi lọ. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní olè jíjà.

Ta ló wá ń mú olè? Àwọn ọlọ́pàá ìjọba pọ̀ sí ìlú ńlá àti àgbègbè oko òyìnbó. Ní abúlé, ìjòyè tí ìjọba yàn àti àwọn akódà rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà, àwọn tí òfin 1929 sọ di ọlọ́pàá ẹ̀yà. Ọmọ abúlé ni wọ́n. Bí akódà bá tọpasẹ̀ màlúù dé ilé àna rẹ̀ ńkọ́? Àṣà wọn tún ni kí ẹnì kan fi màlúù rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ àti ìbátan káàkiri sìn, bí àwọn àgbà tiwa náà ṣe ń fúnni ní ewúrẹ́ sìn. Ilé mélòó ni èèyàn fẹ́ wọ̀ kó tó mọ ẹran tó jẹ́ ti ẹni tó ń sìn ín? Lójú tèmi, òfin yìí gan-an ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, nítorí ẹni tó bá tú olè fó lè máa fa gbèsè sọ́rùn ara rẹ̀.

Nígbà tí olè kò tán, ìjọba wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní àwọn Talai, ìdílé aláfọ̀ṣẹ tí Koitalel ti wá, ló ń súre fún àwọn olè tí wọ́n sì ń gba ìpín tiwọn nínú màlúù. Ní 1934 ni wọ́n ṣe òfin láti lé wọn kúrò láàárín àwọn Kipsigis. Nǹkan bí 700 èèyàn, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé, ni wọ́n kó lọ sí Gwassi lẹ́bàá adágún odò Victoria, níbi tí ibà àti eṣinṣin tsetse ti ń pa èèyàn àti ẹran.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní August 2022, àwọn Talai àti Kipsigis pe ìjọba Britain lẹ́jọ́ sí Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù, nítorí ilẹ̀ wọn ní Kericho tí oko tíì gbà, àti nítorí ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n. Nígbà tí Ọba Charles dé Náíróbì lópin October 2023, ó ní ìwà ipá tí wọ́n hù sí àwọn ará Kẹ́ńyà dun òun gidigidi. Kò tọrọ àforíjì.