Oúnjẹ Tí A Fi Ń Tọ́jú Àrùn: Iṣẹ́ Tí A Ń Kọ́ Ni

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tó bá wu ni í jẹ kì í run ni nínú. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ aláìsàn, tí òyìnbó ń pè ní dietitian, kò lè fi òwe yìí ṣiṣẹ́, nítorí pé ohun tó wu aláìsàn jẹ lè má run ún nínú rárá kó tó ṣekú pa á.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó ní àrùn àtọ̀gbẹ. Ìmọ̀ràn tí tẹbí tọ̀rẹ́ máa ń fún un nílẹ̀ Yorùbá kò ju ẹyọ kan lọ: kó fi iṣu àti ìrẹsì sílẹ̀, kó máa jẹ ẹ̀wà àti àmàlà ẹlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀wà kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè gòkè nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé ìwọ̀n, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ni èròjà afúnnilókun tí ara ń sọ di ṣúgà, bí ó ti rí nínú ẹlùbọ́ iṣu. Ẹni tó bá wa àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún àwo kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ṣúgà. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń kọ́ nìyí: kó béèrè iye tí aláìsàn jẹ, kì í ṣe orúkọ ohun tó jẹ nìkan.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i nígbà tí àtọ̀gbẹ bá ti ba kíndìnrín jẹ́, èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn tí àrùn náà ti ń bá fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní pòtásíọ̀mù. Ó pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, nínú ẹ̀wà, nínú ẹ̀fọ́ àti ọsàn. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá máa ń da èyí tó bá pọ̀ jù sínú ìtọ̀, ṣùgbọ́n bí kíndìnrín bá ti kọṣẹ́, ṣe ni yóò máa gbára jọ nínú ẹ̀jẹ̀ títí tí yóò fi dá ọkàn dúró lójijì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ní kí bàbá máa jẹ nítorí àtọ̀gbẹ ti wá di ohun tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Kódà, irú iyọ̀ kan tí wọ́n ń tà fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru, pòtásíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é! Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gbọ́dọ̀ mọ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ í kà, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu ló yẹ kí a fi oúnjẹ wọ̀nyí dù. Ó tún ń kọ́ pé bí a bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tí a fi omi púpọ̀ sè é, tí a sì da omi náà nù, pòtásíọ̀mù inú rẹ̀ yóò dín kù.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ebi ti pa di egungun tún yàtọ̀. Àánú yóò sọ pé ká bọ́ ọ ní àbọ́yó. Ní 1945, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, a rí lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ebi ti hàn léèmọ̀ tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n rí oúnjẹ jẹ tán ni wọ́n kú. Ìdí ni pé oúnjẹ tó dé lójijì máa ń fa àwọn èròjà kan kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn tó ti rẹ̀ kò sì lè gbà á. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní mílíìkì F-75, díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán tòru, kó tó kan F-100 tó lágbára jù ú lọ.

Oúnjẹ tún lè ṣe ju pé kó dáàbò bo ẹ̀mí lọ. Nínú ìwádìí DiRECT tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, ènìyàn 149 tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì gba ìtọ́jú oúnjẹ tí wọ́n dín kù gidigidi fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Nígbà tí ọdún kan pé, ṣúgà àwọn 68 nínú wọn ti wálẹ̀ láìlo oògùn àtọ̀gbẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ oúnjẹ tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ náà ló dúró tì wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dán wò nílé o.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi Yunifásítì Ìbàdàn àti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí. Lẹ́yìn ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ yóò wọ wọ́ọ̀dù lábẹ́ àwọn àgbà. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé ìbéèrè tó dà bí èyí tó rọrùn jù ló le jù. "Mọ́mì, kí lẹ jẹ lánàá?" Màmá yóò ní ẹ̀kọ méjì péré ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní bá a jiyàn. Yóò rọra béèrè pé kí ni wọ́n fi jẹ ẹ́, ṣíbí ṣúgà mélòó ló wọ tíì àárọ̀, ṣé wọn ò panu ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà náà ni mínírà méjì àti ẹ̀pà ìgò kan yóò tó jáde.