BRT: Ojú Ọ̀nà Tí A Yà Sọ́tọ̀ fún Bọ́ọ̀sì

Ìwé ìlàlóye fún àwọn ará Abẹ́òkúta àti gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ẹni tó bá ń wọkọ̀ ní Kútọ̀ tàbí Lafẹ́nwá lọ sí Èkó mọ ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ á sáré dé Sàngó, sún kẹrẹ fà kẹrẹ á sì gbà á lọ́wọ́ awakọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé Abúlé Ẹ̀gbá, ẹ ó rí ojú ọ̀nà kan láàárín títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta yìí kan náà, tí wọ́n fi kọnkéré pààlà rẹ̀, tí bọ́ọ̀sì ńlá ń gbà kọjá wẹ́rẹ́ nígbà tí ọkọ̀ yòókù ń wọ́. Òun ni BRT. Láti ọdún 2020 ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láti Abúlé Ẹ̀gbá dé Òṣòdì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bọ́ọ̀sì tuntun tó mọ́ tónítóní yẹn gan-an ni BRT. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn ni. Ìjọba tó bá ra igba bọ́ọ̀sì, tó wá tú wọn sáàárín Micra àti kẹ̀kẹ́ Márúwá láìya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún wọn, igba ọkọ̀ ló fi kún sún kẹrẹ fà kẹrẹ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun mẹ́ta ló ń fi àkókò ṣòfò fún èrò ọkọ̀ nílùú wa. Èkíní ni ọkọ̀ tó dí títì. Èkejì ni ìdúródúró: ọkọ̀ á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, á tún dúró lẹ́nu géètì, níbikíbi tí ẹnìkan bá ti pariwo “ó wà o!” Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ owó àti ṣénjì, tí kọ̀ndọ́kítọ̀ àti èrò á máa fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo ọkọ̀ ń retí wọn. BRT tó bá pé gbọ́dọ̀ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sàn. Ojú ọ̀nà jẹ́ ti bọ́ọ̀sì nìkan. Ibùdókọ̀ ní ibi tó wà, bọ́ọ̀sì kì í sì í dúró níbòmíràn. Káàdì ni èrò fi ń sanwó, ọ̀rọ̀ ṣénjì ti parí nìyẹn. Bí ìlú bá rọ́wọ́ ná, wọ́n á tún gbé pèpéle ibùdókọ̀ ga dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, kí arúgbó àti ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ aláìlera lè wọlé láìgun àtẹ̀gùn.

Ìlú Curitiba ní orílẹ̀-èdè Bràsíl ló bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní 1974. Kò rí owó tí yóò fi ṣe ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ló bá ya ojú títì sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì. Bogotá ní Kòlóḿbíà tẹ̀ lé e ní 2000. Nílẹ̀ Áfíríkà, Dar es Salaam ti ń lo tirẹ̀ láti 2016, Dakar sì bẹ̀rẹ̀ ní 2024 pẹ̀lú bọ́ọ̀sì tó ń lo iná mànàmáná.

Ti Èkó ló kàn wá jù. Oṣù kẹta ọdún 2008 ni wọ́n ṣí ọ̀nà àkọ́kọ́, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. LAMATA, àjọ tí òfin ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2002 láti máa bójú tó ètò ìrìnnà, ló ṣe kòkáárí rẹ̀, Báńkì Àgbáyé sì ṣèrànwọ́. Ẹ má rò pé wọ́n fi kọnkéré pààlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà náà ló ní kọnkéré. Níbòmíràn, ọ̀dà ni wọ́n fi sàmì sílẹ̀. Níbi tí títì ti há jù, bọ́ọ̀sì á wọ àárín ọkọ̀ yòókù, á tún yọ níwájú. Wọ́n ṣe ìwọ̀n tí agbára wọn ká, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ní 2015, wọ́n fà á dé Ìkòròdú.

Èrè tó wà níbẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì BRT kan tó gùn tó mítà 12 lè kó nǹkan bí 70 ènìyàn, àwọn tó jókòó àti àwọn tó dúró. Micra tó kó èrò márùn-ún, méjì níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn (a mọ̀ pé kò yẹ, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wọ̀ ọ́), yóò pé 14 kó tó lè kó iye ènìyàn yẹn. Tí a bá tò wọ́n bí imú ọ̀kan ṣe ń kan ìdí èkejì, wọ́n á gùn ju mítà 50 lọ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó kó mẹ́ta-mẹ́ta sí ẹ̀yìn yóò pé 24. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì 24 ni yóò máa jó epo, tí yóò máa da èéfín sí àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lára, dípò ẹyọ kan.

Àǹfààní tó tún wà ni pé èèyàn lè mọ ìgbà tí òun máa dé ibi tí òun ń lọ. Aláìsàn tí wọ́n dá ọjọ́ fún ní FMC Ìdí-Abà, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣèdánwò, òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Òkè-Mosàn, ẹni tó bá mọ̀ pé ìrìn òun kì í ju ogójì ìṣẹ́jú lọ kò ní láti jí ní aago mẹ́rin òru.

Àwọn àléébù wà o, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Tí bọ́ọ̀sì bá bàjẹ́ tí wọn ò tètè tún un ṣe, ìlà èrò á gùn ní ibùdókọ̀, ojú ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ á sì ṣófo. Owó epo tó ń gòkè ń fa owó ọkọ̀ sókè. Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà rògbòdìyàn EndSARS, wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ní Oyingbo àti Ọjọ́dú. Lójú tiwa, àìtún ọkọ̀ ṣe ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gbé e sínú ìwé ìròyìn.

Àwọn awakọ̀ wa ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde ní gáréèjì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n yá owó ní báńkì, wọ́n fi ra bọ́ọ̀sì, àwọn náà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà BRT ní 2008. Ètò tó bá fẹ́ dúró ní Abẹ́òkúta gbọ́dọ̀ bá àwọn onítakisí àti oníkẹ̀kẹ́ jókòó kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì.

Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ò sì lè tán. Ìlú tí a tẹ̀ dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ẹsẹ̀ ènìyàn la la ọ̀nà rẹ̀ fún. Ní Ìtòkú àti Ìkìjà, kò sí bí a ṣe lè ya ojú ọ̀nà méjì sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì láìwó ilé àwọn bàbá wa, a ò sì rí ìdí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dán an wò. Ọ̀nà tó gbòòrò ló yẹ BRT: títì Ìbàdàn, láti Òṣíẹ̀lẹ̀ wá sí Ọbáńtokò àti Asérò, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB àti òṣìṣẹ́ ti ń du ọkọ̀ láàárọ̀, lẹ́yìn náà, ọ̀nà tí yóò so ìgboro pọ̀ mọ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ládẹ̀rín. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń kó èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní láti tún wá takisí. Kẹ̀kẹ́ àti Micra ni yóò máa kó èrò láti inú àdúgbò wá sí ẹ̀bá títì.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní Èkó

Kò tíì sí ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú Abẹ́òkúta, nítorí náà Abúlé Ẹ̀gbá ló sún mọ́ yín jù. Ẹ ra káàdì Cowry ní ibùdókọ̀, ẹ san owó sínú rẹ̀, ẹ fi kan ẹ̀rọ bí ẹ bá ń wọlé. Káàdì yìí kan náà ni ẹ ó lò tí ẹ bá gba ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó ń ti Àgbádó lọ sí Oyingbo láti oṣù kẹwàá 2024. Ẹ tò sórí ìlà. Ẹ fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ fún aláboyún àti àgbàlagbà.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má ṣe bọ́ sójú ọ̀nà BRT, kódà bí ẹ bá rí i tó ṣófo gbalasa. Àwọn LASTMA, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ìrìnnà ojú títì ní Èkó, lè gbé ọkọ̀ yín, ẹ ó sì san owó ìtanràn kí ẹ tó gbà á padà. Ẹ̀yin oníṣòwò àdìrẹ tó ń gbé ẹrù ńlá láti Ìtòkú, bọ́ọ̀sì yìí ò láyè ẹrù. Ẹ fi ọkọ̀ akẹ́rù ránṣẹ́, kí ẹ̀yin fúnra yín wọ BRT lọ pàdé rẹ̀.